Àgbà Tí Iyè Rẹ̀ Ra Kò Tíì Kú



Inú ni ó ń bí mi tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, owó òkú yóò ti pé. Akọ̀wé yóò mú ìwé jáde, a ó dá owó, a ó háyà bọ́ọ̀sì, a ó mú aṣọ, a ó sì gbé òkú náà dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà. Èyí dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan ń bẹ láàárín wa tí iyè rẹ̀ ti ń ra láti nǹkan bí ọdún 3 sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀. Mo ní kí Akápò wo ìwé, kí ó sọ iye tí ẹgbẹ́ ti ná lé e lórí láti ìgbà tí àìsàn náà ti mú un. Akápò ṣí ìwé, ó sì pa á dé. Kọ́bọ̀ kan kò sí níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, Bàbá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní òun ń lọ gba ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ti tó ọdún mélòó tí ó ti gba ẹrù níbẹ̀ kẹ́yìn! Oòrùn ti ga kí a tó rí i lójú títì, àwọn ọ̀dọ́ ti yí i ká. Hausa ni wọ́n fi ń bi í pé ta ni, kí ni ó ń wá. Yorùbá ni ó fi ń dá wọn lóhùn. Àwọn kan ti ń sọ pé gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ìyá Gbagyi kan tí ń ta iṣu, tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó wọ àárín wọn tí ó sì gbà á sílẹ̀. Ìyá Gbagyi ni o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Bàbá ti fi Hausa ṣòwò fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ, ó sì gbọ́ Gbagyi ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Nísinsìnyí, méjèèjì ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí ó máa ń kí tẹ́lẹ̀ rò pé ó ti di agbéraga ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí rẹ̀ lára àwọn tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé pé bí àrùn yìí bá wọ ara, èdè tí ènìyàn kọ́ nígbà tí ó dàgbà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ, èdè abínibí a sì máa pẹ́ lẹ́nu. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ. Ní Maitumbi, àwa nìkan ni. Bí àwa kò bá yà sí i, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi: “Arúgbó ni, ó ń ṣarán ni, kí ni a fẹ́ ṣe sí ọjọ́ orí?” Irọ́ ni. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn dókítà Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ ojúlé àwọn ènìyàn wa ní Ìdíkàn, wọ́n sì yẹ àwọn àgbà wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbà tí ó ti pé ọdún 65, nǹkan bí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín ọdún kan. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis tó 32. Bí ó bá jẹ́ pé ogbó lásán ni, gbogbo wọn ni ìbá mú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ pé àrùn òyìnbó ni, kí ó rántí pé Ìdíkàn kò sí ní ìlú òyìnbó. Obìnrin ará Jámánì tí Dókítà Alzheimer ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ ní 1906 kò tilẹ̀ tíì pé 60 ọdún nígbà tí ó kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni ó ní irú àìsàn yìí ní 2021.

Lóòótọ́, kò tíì sí oògùn tí ń wo àrùn Alzheimer sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni Alzheimer. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àgbà lè ṣubú, kí ó fi orí gbá ilẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa sun sínú agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn tí a ń lò pọ̀ lè dà á lọ́kàn rú, ìbànújẹ́ lè ṣe é, etí dídi náà ń dá kún un. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ó lè jẹ́ ibà tàbí àrùn inú ìtọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó ní ìtọ́jú. Àwa kò gbé Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan kí a tó dá a lẹ́jọ́ pé arán ni.

Ti àwọn ìyá tilẹ̀ tún burú jù. Bí ọkùnrin bá gbàgbé ọ̀nà ilé, a ó ní ó ń ṣarán. Bí obìnrin bá dìde lóru, tí ó ń rìn káàkiri àgbàlá, tí ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ó di àjẹ́. Bí ọmọ kan bá wá ṣàìsàn nínú ilé náà ńkọ́? Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ní July 2020, ní Kafaba ní àríwá Ghana, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ghana jìnnà. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ìjókòó ìpàdé. Kí onítọ̀hún mọ̀ pé òfin Penal Code, tí ó ti wà ní apá Àríwá láti 1960, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dun ni jù ni àwọn tí ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́: “Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bàbá fúnra rẹ̀ ń sọ pé òun fẹ́ lọ sílé, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ.” Mo ti tẹ̀ lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, láti Minna gba Bida, Mokwa àti Jebba dé Ìlọrin, títí a fi dé ilé. Nígbà tí a gbé àgbà náà wọlé, ó ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ti kú. Ọmọdébìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ni a háyà láti máa se oúnjẹ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nínú ilé tí a bí i sí, ó dì aṣọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sílé. Ilé tí ó ń wá kò sí ní ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Yàrá tí ó mọ̀, ojú tí ó mọ̀ àti ohùn tí ó mọ̀ ni ó kù fún un, Maitumbi níbí sì ni wọ́n wà.

Ta ni ó ń tọ́jú Bàbá? Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń fọ aṣọ títọ̀, òun náà ni ó sì ní ìsọ̀ lọ́jà. Àwa ọkùnrin tí a mọ ọ̀rọ̀ sọ ní ìpàdé, ta ni nínú wa tí ó ti jókòó ti Bàbá fún wákàtí kan kí obìnrin yìí lè lọ sùn? Ìjọba ti ṣe òfin National Senior Citizens Centre ní 2017. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní ti Abuja wá jókòó ti Bàbá ní ọjọ́ Sunday.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Nínú owó òkú tí a ń dá, kí a yọ ìdámẹ́rin sọ́tọ̀ fún alààyè, fún owó dókítà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ènìyàn méjìméjì máa lọ sí ilé irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sunday, kí wọ́n bá a sọ Yorùbá, kí wọ́n fi oríkì rẹ̀ kí i. Bí ó bá ní ìyá òun ń bọ̀ láti oko, kí wọ́n má ṣe bá a jiyàn, kí wọ́n bi í léèrè irú ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Kí a rán orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Kí Alága mú wa lọ bá Mai Unguwa àti àwọn oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n mọ ojú Bàbá àti ilé tí wọn yóò dá a padà sí. Kí ẹgbẹ́ sì fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníṣu náà, nítorí a kò tíì ṣe é.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, èmi yóò dìde láti dá àbá yìí. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Kí ó kàn kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bàbá ní ọ̀nà ìpàdé, kí ó kí i, kí ó sì dúró gbọ́ ohun tí yóò fi dá a lóhùn.