Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Di Ọpọlọ: Irinṣẹ́ Ìkọ Áàpù àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, méjì lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ wá kí wa ní ọ́fíìsì. Ọ̀kan kúnlẹ̀, èkejì dọ̀bálẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èyí obìnrin ti ń kọ́ni. Èyí ọkùnrin ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́ èyí tó gbà lọ́dọ̀ wa. Áàpù kan ni wọ́n gbé wá kí a bá wọn wò, èyí tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní kíkà àti kíkọ Yorùbá. Àwòrán inú rẹ̀ dára, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó bá gba ìdáhùn. Nígbà tí a dé ibi àwòrán ọ̀pọ̀lọ́, ohun tí a rí lábẹ́ rẹ̀ ni "ọpọlọ". A bi wọ́n léèrè pé ọpọlọ ta ni ó jókòó sẹ́bàá omi tó ranjú báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n. "Ẹ má bínú, Sà. Àmì ohùn ló ń da iṣẹ́ náà rú ni a fi yọ gbogbo wọn."

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀bi ọ̀pọ̀lọ́ tó di ọpọlọ kì í ṣe ti àwọn ọmọ náà nìkan, kì í sì í ṣe ti irinṣẹ́ tí wọ́n lò. Àwa olùkọ́ èdè ni a fi apá kan iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìṣe.

Oríṣi fóònù méjì ló gba ìgboro: èyí tó ń lo Android ti Google, àti iPhone ti Apple. Èdè tí a fi ń kọ ètò fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Java àti Kotlin ni ti Android, Objective-C àti Swift ni ti iPhone. Ẹni tó bá fẹ́ kí áàpù òun dé ọwọ́ tẹrú-tọmọ ní láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó gba ènìyàn méjì síṣẹ́. Èyí ló mú kí àwọn kan ṣe irinṣẹ́ tí a lè fi kọ áàpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù méjèèjì. Irinṣẹ́ ajùmọ̀lò ni a ó máa pè é níhìn-ín. Facebook gbé React Native síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2015. Google gbé ẹ̀dà 1.0 ti Flutter jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. React Native dà bí àlejò tó ń yá ìkòkò onílé dáná: bọ́tìnì àti àpótí ìkọ̀wé tó bá lórí fóònù gan-an ló ń lò. Flutter ní tirẹ̀ di ẹrù rẹ̀ wá láti ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo ohun tí a ń rí lójú fóònù.

Àwọn tó ti fi irú irinṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ ńlá jẹ́rìí sí i pé ó dùn, ó sì ní egungun. Ilé-iṣẹ́ Airbnb ní Amẹ́ríkà, tó ń bá arìnrìn-àjò wá ilé ìwọ̀sí, bẹ̀rẹ̀ sí í lo React Native lọ́dún 2016. Lọ́dún 2018, wọ́n kéde pé àwọn ń fi í sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àlàyé kíkún lórí ìdí rẹ̀. Wọn kò bú irinṣẹ́ náà. Wọ́n gbà pé ó mú iṣẹ́ yá níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojúlé méjì tí wọ́n rò pé yóò di ọ̀kan ti di mẹ́ta: Android wà, iPhone wà, React Native sì tún wà láàárín wọn tó ń béèrè ìtọ́jú tirẹ̀. Ohun tó jọra níbi gbogbo ni irinṣẹ́ ajùmọ̀lò ń bá ni gbé. Èyí tó yàtọ̀, ẹni tó ni ín ni yóò gbé e.

Èdè wa wà lára ohun tó yàtọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú lẹ́tà ọ́ yẹ̀ wò. Lójú wa, lẹ́tà kan ni tí a gbé ohùn òkè lé lórí. Unicode, tí í ṣe ètò tó fún àwọn lẹ́tà gbogbo àgbáyé ní nọ́ńbà, fún ọ ní nọ́ńbà, ó fún ó náà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò fún ọ́ ní ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ńṣe ni a ó so ọ àti àmì ohùn òkè pọ̀. Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ kọ ó, a sì wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn a kọ o lásán, a fi àmì abẹ́ sí i, a tún gbé ohùn lé e. Ojú kò lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà dá wọn mọ̀ yàtọ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ lè kọ ìdáhùn tó tọ̀nà kí áàpù sì sọ fún un pé ó kùnà. (Àní láàárín àwọn kọ́ńsónáǹtì aránmúpè asesílébù wa, ń àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn, m̀ kò ní. Ta ló pín ogún yìí?)

Eré kan nínú áàpù náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò ka lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀, yóò ya àpótí bí iye wọn ti tó, ọmọ yóò sì máa fi lẹ́tà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ ní lẹ́tà márùn-ún, ó gba àpótí márùn-ún. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ní lẹ́tà márùn-ún, àpótí mẹ́jọ ló yọ. Àmì ohùn lásán ló gba mẹ́ta nínú wọn, láìsí fáwẹ̀lì tí yóò dúró lé. Gbèdéke tí wọ́n fún wọn ti sún mọ́lé. Wọ́n yọ àmì ohùn kúrò, eré sì lọ geerege.

Bẹ́ẹ̀, oògùn rẹ̀ wà. Dart, èdè tí a fi ń lo Flutter, ní àkójọ kan tí a ń pè ní characters, tó ń ka lẹ́tà bí ojú ènìyàn ti ń rí i. JavaScript, tí a fi ń lo React Native, ní normalize, tó ń sọ oríṣi ìkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú àgbò. Mẹ́rin ni wọn yóò kà. Ẹni tó ń kọ́ni ní fonọ́lọ́jì ló yẹ kí ó wà níbẹ̀ láti sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà. Nítorí pé Flutter ń gbé bọ́tìnì tirẹ̀ rìn, ó ní láti gbé ọ̀rọ̀ tó wà lórí wọn rìn pẹ̀lú. Wọ́n ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí èdè tó ju 70 lọ. Swahili, Zulu, Amharic àti Afrikaans wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n to àtòkọ náà, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò kò bá wọn wọlé. Aṣẹ̀dá-áàpù tó bá wá pàṣẹ pé Yorùbá ni kí áàpù òun máa sọ yóò rí ìkìlọ̀ pé irinṣẹ́ kò mọ èdè náà. Kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìwé ìtọ́sọ́nà Flutter fúnra rẹ̀ ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi èdè tirẹ̀ kún un, Nynorsk sì ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú ìlànà méjì tí a fi ń kọ èdè Norway. Gbogbo ará Norway kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà, àwọn tó ń kọ Nynorsk ni wọ́n sì kéré jù nínú wọn.

Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń jù fún ẹni tó kàn gbọ́ Yorùbá. Ẹ wo bọ́tìnì tí ènìyàn ń tẹ̀ bí ó bá yí ọkàn padà. "Fagi lé e" ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nílẹ̀ ni a ń fagi lé. Ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan, kí ni ó fagi lé? Lójú tiwa, "jáwọ́" sún mọ́ ọn jù. Níbì kan, èdè wa tilẹ̀ rọrùn ju ti ẹlòmíràn lọ: bí áàpù bá fẹ́ sọ iye ohun tí a mú, Gẹ̀ẹ́sì nílò gbólóhùn méjì, fún ẹyọ àti fún ọ̀pọ̀, Lárúbáwá nílò mẹ́fà, ẹyọ kan tó fún wa, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà nítorí iye. Orúkọ oṣù, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀, ti wà nínú CLDR tí àjọ Unicode ń tọ́jú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya àkọtọ́ àwọn ará wa ní Benin sọ́tọ̀, àwọn tó ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ. Ẹni tó bá ń ṣe áàpù fún Ìbàdàn àti Kétu pa pọ̀ yóò ní láti mọ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti sọ fún wa pé iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo èyí, àti pé irinṣẹ́ wọ̀nyí kì í pẹ́ kú. Òótọ́ ni pé wọ́n ń kú. Adobe jáwọ́ nínú PhoneGap lọ́dún 2020. Microsoft, tó ra Xamarin lọ́dún 2016, dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ṣùgbọ́n fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni àkójọ ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí irinṣẹ́ kan bá kú, a ó gbé e lọ sí òmíràn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde lọ́dún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì lọ́dún 1990, wọn kò ní kí àwọn atẹ̀wé wá ṣe é.

Àbá tiwa ni pé kí ẹ̀ka wa ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ lára iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì, kí àwọn mìíràn to àwọn ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn nìkan ń yà sọ́tọ̀, kí olùkọ́ fonọ́lọ́jì yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fi í lé aṣẹ̀dá-áàpù tó bá fẹ́ lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn ti ń padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀lọ́ ti gba àmì rẹ̀ padà. Bọ́tìnì ẹni tó yí ọkàn padà ni a ṣì ń jà lé lórí: ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń kọ́ni ní gírámà ní "fagi lé e" ni òun fẹ́, kò sì tíì jáwọ́.