Pàṣán Tí Wọ́n Fi Nà Wá ní Ghana

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ta ni àwọn àjòjì ọ̀hún? Àwa náà kúkú ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Kumasi, ará Ọ̀fà tó ní ìsọ̀ ní Tamale, ará Ìnísà, ará Ṣakí, ará Ìgbòho, ará Èjìgbò. Púpọ̀ nínú wọn, Ghana ni wọ́n bí wọn sí. Twi ni wọ́n fi ń ná ọjà láti kékeré. Ọṣẹ dúdú tí àwọn oníṣòwò wa gbé dé ọ̀hún, "alata" ni wọ́n ń pè é ní Accra títí di òní olónìí, nítorí àwọn aláta Yorùbá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n lé aláta, wọ́n tọ́jú ọṣẹ.

Ìdí tí mo fi ń tú ẹrù ọdún pípẹ́ yìí ni gbólóhùn kan tó ti di orin l'Ékòó, tó sì jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló ń kọ ọ́: "Kí wọ́n máa lọ sílùú wọn!" Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ìfẹ́ ìran àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ohun tí ayé òde òní sọ lórúkọ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, pàṣán ni lọ́wọ́ ẹni tí ọrọ̀ ajé ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó ń fà á yọ kí ará ìlú lè dojú kọ aládùúgbò wọn, kí wọ́n gbàgbé láti bi òun léèrè owó. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ wo Ghana dáadáa. Owó kòkó ti já wálẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́. Busia ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò ni, kò rówó, kò ríṣẹ́ fún wọn. Ohun tó rí ni àlejò tó ní ìsọ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, oko kòkó ń wá alágbàṣe, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ro ó náà jẹ́ àjòjì láti ìhà àríwá. Ọjà ṣófo. Gbèsè kò sì bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀. Ní ìparí ọdún 1971 wọ́n já iye owó cedi wálẹ̀. Kí oṣù kìíní ọdún 1972 tó dé àárín, àwọn ológun ti gbàjọba.

Ó yẹ kí àwa tí wọ́n nà mọ bí pàṣán ṣe ń ta. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, gẹ́lẹ́ bíi ti Busia! Owó epo rọ̀bì ti já, ìbò sì ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ Ghana tí wọ́n lé tó mílíọ̀nù kan. Ghana ti ti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Togo pa, ọ̀nà dí títí dé ààlà wa ní Ṣẹ̀mẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò sì sun ìta fún ọjọ́ púpọ̀ kí ọ̀nà tó là. Ilé tí wọ́n ń lọ, ọ̀dá àti iná oko ló wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Èkó yìí kan náà ni wọ́n sì ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975, àjọ ọ̀hún sì fẹnu kò ní ọdún 1979 pé kí ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa rìn fàlàlà.

Kí ni àwa tí wọ́n lé ní 1969 ṣe? A ta báàgì fún wọn. Báàgì onílà ìbú àti òòró yẹn, a fi orúkọ kan lé e lórí tí kò tíì kúrò: Ghana Must Go. Orúkọ wa wà lára ọṣẹ wọn, orúkọ wọn wà lára báàgì wa. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ní etíkun yìí, kó wọ ọjà, kó ra méjèèjì. Ní òru ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983 náà, àwọn ológun lé Shagari.

Ìgbà kẹta tí pàṣán yọ, Côte d'Ivoire ni. Ẹni tó bá dé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò gbọ́ Faransé lójú pópó, yóò rí owó CFA, yóò rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà sí Abidjan. Houphouët-Boigny, ààrẹ Côte d'Ivoire, ló ṣílẹ̀kùn fún irú àwọn ará Èjìgbò yìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣèjọba, òun ló sì wí pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló nilẹ̀. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1993, nígbà tí owó kòkó ti wó. Henri Konan Bédié tó jogún àga rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ "ivoirité" jáde: àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ponbele wà, àwọn mìíràn sì wà. Òfin ìdìbò ọdún 1994 ní bàbá àti ìyá ẹni tó fẹ́ jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní ọdún 2000, odindi orílẹ̀-èdè ń bára wọn jà lórí bóyá "bàbá tàbí ìyá" ni wọn yóò kọ, àbí "bàbá àti ìyá". "Àti" ló borí. Alassane Ouattara, tó ti ṣe olórí ìjọba rí lábẹ́ Houphouët, ni wọ́n fi dínà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, ilẹ̀ pín sí méjì. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò 2010 pa bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn. Bédié fúnra rẹ̀ kò rí gbogbo rẹ̀ lórí àga: àwọn ológun ti lé e ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1999.

Àwọn mẹ́ta gbé pàṣán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìbọn lé. Mi ò ní ẹ̀san ni. Mo ní ẹni tí wọ́n lé kọ́ ló gbé ìyà wọ̀lú, nítorí náà ìyà kò lè bá a jáde.

Ẹ wá wo Èkó ní ọdún 2023. Owó náírà tuntun di àwátì ní oṣù kejì, àwọn ènìyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báǹkì. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba pàdánù Èkó nínú ìbò ààrẹ. Nígbà tí ìbò gómìnà ti oṣù kẹta dé, ta ni wọ́n dojú kọ? Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour tó ń du ipò gómìnà, ọmọ Èkó níhà ti bàbá, ni wọ́n sọ di Igbo nítorí ìyá rẹ̀. Ìran tó ti ń fi bàbá ka ìdílé láti ayébáyé jí lọ́jọ́ kan, ó ní ìyá lòun ń kà! "Àti" ti Abidjan ti wọ Èkó, kò gba físà. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n lé àwọn kan nídìí àpótí ìdìbò nítorí ojú wọn jọ ojú Igbo. Ó sì kan àwọn tó jẹ́ Yorùbá.

Wọn á ní: "Bí kò bá sí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ṣé òyìnbó ì bá lọ?" Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó bá òyìnbó jà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀ l'Ékòó ní 1944, Herbert Macaulay jẹ ààrẹ, Nnamdi Azikiwe jẹ akọ̀wé. Ìfẹ́ tó ń lé ọ̀gá tó fipá jọba yàtọ̀ sí èyí tó ń lé ẹni tí ẹ jọ ń pín kànga.

Wọn á ní èdè wa ń kú lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń pa á? Ọmọ Igbo tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládipọ̀ ń fi Yorùbá ná ọjà. Ọmọ tiwa ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá sọ "ẹ káàárọ̀", àwa òbí la sì ń san án. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí kíkọ́ Yorùbá ti wà láti 2018. Ẹ ka iye ilé ìwé tó ń tẹ̀ lé e ládùúgbò yín. Wọn á ní ilẹ̀ wa ń tán. Ta ló tà á? A tà á, a kọ rìsíìtì, ọmọ onílẹ̀ tún padà gba owó ìpìlẹ̀, ó tún padà gba owó òrùlé. Ẹni tó gba owó lẹ́ẹ̀mẹta kì í pariwo olè.

Wọn á wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ṣe é. Baba ta ni? Ìbàdàn tó di àgọ́ ogun láti nǹkan bí ọdún 1829, ará Ifẹ̀, ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló jọ kọ́ ọ. Èkó gba Àwórì, Ẹ̀dó, Tápà, Sàró, àti Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé. Orúkọ "Yorùbá" pàápàá, Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ń yìnbọn fún ara wọn nínú ogun Kírìjí, kò sẹ́ni tó ní "ọmọ Yorùbá ni wá, ẹ jọ̀wọ́". Ìwé tí Àjàyí Crowther kọ àti ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 wà lára ohun tó fẹ orúkọ náà títí tó fi bo gbogbo wa. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1945. Aṣọ tí a rán ni orílẹ̀-èdè, kì í ṣe awọ ara. Mo fẹ́ràn aṣọ náà, mo sì ń wọ̀ ọ́. Mi ò sì ní fi so ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé kí àlejò máa lọ, ẹ̀yìn wa wà níta. Ọmọ wa wà ní Accra, ó wà ní Abidjan, ó wà ní London. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, bàálù kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé láti South Africa nítorí orin yìí kan náà. Ọṣẹ náà ṣì ń jẹ́ alata ní Accra, báàgì náà ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go ní Balógun. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi mọ orúkọ ohun kẹta.