Kẹ́míkà tó ń fọ omi mọ́ lè pa ènìyàn: Ìdí tí àwọn aṣojú ìjọba fi gbọ́dọ̀ mọ sáyẹ́ǹsì

Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní chlorine kì í ṣe àjèjì. Òun ni wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni OPCW, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti ohun ìjà kẹ́míkà, sọ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 pé ó pa ènìyàn 43 nílùú Douma, lórílẹ̀-èdè Síríà, lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2018. Àjọ náà ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà pé hẹlikópítà àwọn ọmọ ogun Bashar al-Assad ló ju sílíńdà gáàsì náà sórí ilé. Ìjọba Assad àti Rọ́ṣíà ní irọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, iwájú àwọn aṣojú ìjọba tó ń ṣèpàdé nílùú Hague, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ló ń dé. Orílẹ̀-èdè 193 ló wà nínú àdéhùn tó fòfin de ohun ìjà wọ̀nyí láti ọdún 1997, àwọn 41 ló sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Kì í ṣe gbogbo aṣojú wọ̀nyí ló ka ìmọ̀ kẹ́mísírì. Aṣojú tí kò bá lóye ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ibi tí orílẹ̀-èdè ńlá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìjọba rẹ̀ bá dìbò sí ni yóò dìbò sí.

Ìdí nìyí tí OPCW fi ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹlẹ́ni 25 tó ń gbà á nímọ̀ràn, tó sì tún ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn aṣojú ìjọba. Ìmọ̀ yìí wúlò lóṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fi oró Novichok, èyí tí wọ́n lò nílùú Salisbury, ní Bìrìtìkó, lọ́dún 2018, kún àwọn kẹ́míkà tí àdéhùn náà ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Lóṣù keje ọdún 2023, Amẹ́ríkà pa èyí tó kẹ́yìn run nínú àwọn ohun ìjà kẹ́míkà tí àwọn orílẹ̀-èdè jẹ́wọ́ pé àwọn ní. Iṣẹ́ tó kù le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí àgbá oró ṣeé kà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oró kò ṣeé dáná sun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Aṣojú tó bá tẹ́tí sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó tó nawọ́ ìbò sókè, ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ rí ló ń dáàbò bò.