Ta Ni Yóò Tọ́jú Ẹni Tí Ń Tọ́jú Olókùnrùn?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ egbòogi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí ó wà ní ilé púpọ̀ nínú yín ni, tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè pé, "Ara rẹ ńkọ́?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan wọ dìsípẹ́ńsárì wa ní Òṣogbo. Kò tíì pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó wá béèrè oògùn ìrora fún ìyá rẹ̀, tí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ti dá dùbúlẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Bí mo ti wò ó, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti wọ inú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo ní kí ó jókòó kí n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe ìyọnu, èmi kọ́ ni ara mi kò yá." Mo bẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 190 lórí 110. Ẹni tí ó wá gba oògùn fún olókùnrùn, òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ di olókùnrùn.

Mo bi í léèrè bí ó ti ń ṣe é. Òun nìkan ni ó ń gbé ìyá náà sókè, òun ni ó ń fọ egbò, òun ni ó ń fọ aṣọ, òun náà ni ó ń jí lóru nígbà tí ìrora bá dé. Ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà pa. Owó àjọ tí ó dá ti tán sí owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta wà ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n a máa pè é lórí fóònù pé, "Kú ìtọ́jú Màámi o," wọ́n a sì máa fi owó ránṣẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti sùn ti ìyá náà ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí n bá ara mi wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé pé, "Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ máa fọ egbò rẹ̀. Ẹ rí i pé ó jẹun." N kò béèrè rí pé, "Ta ni yóò ṣe é? Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni náà nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́?" Mo kọ́ láti wo ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì; n kò kọ́ láti wo ẹni tí ó dúró tì í.

Èrò mi nìyí: ibikíbi tí a bá ti ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, láti ilé ìwòsàn ńlá títí dé dìsípẹ́ńsárì àdúgbò, ó yẹ kí ètò wà fún àwọn ará ilé tí ń tọ́jú olókùnrùn. Kí ó jẹ́ ètò tí a kọ sílẹ̀, tí ó ní ọjọ́, tí ó sì ní ẹni tí ń bójú tó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan. Ní ọdún 2022, ìṣirò àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi hàn pé ó lé ní 127,000 ènìyàn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 79,000 tí ó pa. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kì í tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé ibẹ̀, ìtọ́jú inú ilé ni ó kù jù. Ẹlòmíràn a máa ti Iléṣà tàbí Òṣogbo lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a lọ, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹun, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Yorùbá ni wá. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kí ni a fẹ́ fi ètò ṣe?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò wí pé ọmọ kan ṣoṣo ni kí òkété máa mu ọmú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Àwa Ìjẹ̀ṣà ni a ni Òṣómàáló, tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi gba owó aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú olókùnrùn kì í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Kì í sin gbèsè tí a jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwa fúnra wa gbé e lọ bá a.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Níbo ni owó yóò ti wá?" Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, gbé ètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kalẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó fi iṣẹ́ púpọ̀ lé lọ́wọ́. Wọ́n ṣe káàdì kan tí a ń fi ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ni wọ́n sì fi káàdì náà sí, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn káàkiri ayé. Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ wa ni pé ará ilé kì í ṣe òǹwòran. Bí a bá kọ́ ọ, ó lè ṣe púpọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe irú rẹ̀ lórí àrùn jẹjẹrẹ. Ní Ùgáńdà, Dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní ọdún 1993. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ bá olókùnrùn nílé, wọ́n ń gbé mọfíìnì olómi lọ́wọ́, wọ́n sì ń kọ́ ará ilé bí a ti ń lò ó. Ní Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ará àdúgbò tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ olókùnrùn wò. Ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ìtọ́jú ìtura ní UCH.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ju mẹ́rin lọ.

Èkínní, kí dìsípẹ́ńsárì kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú olókùnrùn. Kí a yẹ ìfúnpá tiwọn wò. Kí a kọ́ wọn bí a ti ń yí olókùnrùn padà láì ba ẹ̀yìn ara ẹni jẹ́, bí a ti ń fọ ẹnu rẹ̀, bí a ti ń tọ́jú egbò kí ó má baà rùn. Kí a kọ́ wọn pé àkókò oògùn ìrora ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kí wọ́n má dúró kí ìrora kọ́kọ́ padà dé. Àti pé mọfíìnì a máa mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà kí wọ́n béèrè oògùn tí yóò mú un rọ̀.

Èkejì, kí káàdì kan wà nílé bí ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ojú kan fún olókùnrùn: oògùn rẹ̀ àti bí ìrora rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ojú kejì fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀: ìfúnpá rẹ̀, àti iye wákàtí tí ó sùn.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ wa dìde. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ Àsàláátù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, gbogbo wọn ni ó mọ bí a ti ń yan aṣọ ẹbí. Kí wọ́n yan ọjọ́ pẹ̀lú. Bí ẹni méjì bá jókòó ti olókùnrùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ yóò sùn, tàbí kí ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀rù má sì bà wọ́n: àrùn jẹjẹrẹ kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Bí olókùnrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn jẹjẹrẹ tí a ń fà sí iṣan, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ọjọ́ méjì bí wọ́n bá ń fọ ìtọ̀ tàbí èébì rẹ̀; ìyẹn tó.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ rí i pé mọfíìnì wà ní tòsí, kí ilé ìwòsàn ńlá sì ní yàrá tí ará ilé lè sùn sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní olókùnrùn nílé, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ pe ìpàdé ẹbí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ pín òru, ẹ má pín owó nìkan. Ẹni tí ó wà ní Èkó lè wọlé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kí ó sì padà ní ọjọ́ Àìkú. Ìwọ tí o ń tọ́jú olókùnrùn, bí oorun bá kọ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, wá rí wa. Bí ó bá tilẹ̀ ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí gbogbo rẹ̀ kúkú parí, ìwọ kì í ṣe ìkà. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni.

Ìyá obìnrin náà ti lọ. Mo lọ sí ìsìnkú. Àwọn ẹ̀gbọ́n pé, aṣọ ẹbí dára, wọ́n sì pa màlúù. N kò bá wọn jà, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó lábẹ́ àgọ́, mo ń ṣe ìṣirò: owó màlúù yẹn ìbá ti gba ẹni tí yóò máa bá a jí lóru fún oṣù mélòó? Nígbà tí mo gbé ojú sókè, mo rí ọmọbìnrin náà. Ó ń gbé abọ́ oúnjẹ fún àlejò. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ ní kí ó jókòó. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.