Ọba Wa Kì Í Ṣe «Chef»

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀ lónìí. Ìwé ìkésíni kan ló dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fún ayẹyẹ kan tí a fẹ́ fi gbé àṣà wa ga. Páálí funfun tó nípọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, àwọn lẹ́tà rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Àjèjì kọ́ ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn àlejò pàtàkì sí, «préfet» ló ṣáájú, «maire» tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin tẹ̀ lé «maire», nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé «les chefs traditionnels». Àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọba aládé tí àwa ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí àwọn ìyá wa ń kúnlẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. «Ọba» kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọmọdé tó ń ṣeré nínú erùpẹ̀ a fi ewé ṣe adé, a sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ni ọba. A ń pe Ọlọ́run ní Ọba òkè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ, ọba iṣẹ́ náà ni. Kò sí ẹni tó ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kó tó mọ ohun tó jẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ wọ inú èdè ẹlòmíràn, mo sì ti ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀nà náà kò rí bákan náà ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí ọba tiwọn bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tòun tadé rẹ̀ ló ń wọlé. Bí tiwa bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń ṣí adé lórí rẹ̀.

Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀. Ìwé tí àwọn Faransé ń pè ní «Livres des Rois», Ìwé Àwọn Ọba ni tiwa. Ọba ni Dáfídì, ọba ni Sólómọ́nì. Àwọn Mùsùlùmí wa náà, bí wọ́n bá pàdé «malik» nínú Àlùkùráánì, ọba ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Títí di òní, ọba Gẹ̀ẹ́sì là ń wí, ọba Mòrókò là ń wí. N kò tíì gbọ́ Yorùbá kan rí tó pe ọba Gẹ̀ẹ́sì ní baálẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kọ́ ilé wa kò gbà á.

Ó dáa. Ẹ wá ṣí Bíbélì èdè Faransé sí ìwé Jóṣúà, orí kejìlá. Wọ́n ka àwọn ọba tí Jóṣúà ṣẹ́gun níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ 31: ọba Jẹ́ríkò, ọba Áì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn nínú ilẹ̀ kékeré kan tí ẹni tó wọ mọ́tò lónìí lè là kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. «Roi» ni ìwé náà pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó jẹ lórí ìlú olódi kan ṣoṣo ní Kénáánì, «roi» ni. Ṣùgbọ́n Alákétu, tí odi àti yàrà yí ìlú rẹ̀ ká, tí ẹnu ọ̀nà Àkábà Ìdẹ́nà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, «chef» ni. Ta ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀?

Mo mọ ohun tí «chef» jẹ́ dáadáa, nítorí èmi náà ti jẹ́ ọ rí. Orí ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, láti inú «caput» ti èdè Látìn. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ẹnì kan bá ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: «chef» wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó wà ní ilé ìdáná, ó wà ní ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ «chef de service» nínú iṣẹ́ ìjọba. Mo ní òǹtẹ̀, mo ní tábìlì ńlá, mo ní ẹni tó ń gbé fáìlì tẹ̀ lé mi. Ìwé kan láti òkè ló fi mí síbẹ̀, ìwé mìíràn láti òkè ló yọ mí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo kó ẹrù mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ti ń fi òǹtẹ̀ náà lu ìwé. Ṣé ohun tí ẹ ń pe Oníṣábẹ nìyẹn? Ọba kì í fẹ̀yìn tì. A kì í tilẹ̀ sọ pé ọba kú. Ó wàjà ni. A ń bi Ifá léèrè kí a tó mú un, àwọn afọbajẹ ló ń yàn án, ó ń wà ní àdádó kí ó tó gorí ìtẹ́, bó bá sì ti gbadé tán, kò sí ẹni tó tún lè pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọ ọmọ mi kan tó ń gbé ní Faransé sọ ní ilé ìwé pé ìdílé tí wọ́n ti ń jẹ «chef» ni òun ti wá. Olùkọ́ rẹ̀ bi í bóyá ilé oúnjẹ wọn tóbi. A rẹ́rìn-ín nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ mi yìí ti tẹ «chef traditionnel» sórí ìwé ìjọba ní àìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà kan wá láti ààfin ìlú kan, kí ó bá wa fi ọwọ́ sí ìwé kan lórí ilẹ̀. Mo ka ìwé náà sí i létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí a kọ «chef» sí, ó dá mi dúró. Mo ní ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ó wò mí, ó ní, «Ọmọ mi, ẹni tí o kọ síbẹ̀ yẹn, èmi kò mọ̀ ọ́n. Kábíyèsí ló rán mi níṣẹ́.» Ó ká ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì fọwọ́ sí i. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, nítorí fáìlì mi kò pé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàbá yẹn, tí kò ka ìwé, mọ òfin jù mí lọ.

Nítorí òfin ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe ògbufọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà láàrin ara wọn ní 1889, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ìlú náà ti wà ní ahoro láti 1886 tí àwọn ọmọ ogun Dáhòmì ti kó o. Lẹ́yìn tí Béhanzin túúbá, àwọn ọmọ Kétu padà wálé láti ìgbèkùn, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sì ni pé wọ́n fi Alákétu jẹ. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ ọba. Ẹni tí yóò bá a gba owó orí, tí yóò bá a kó àwọn òṣìṣẹ́ tipátipá, ló ń wá. Ní 1900, wọ́n lé Agoli-Agbo kúrò ní Abomey lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì pín ìjọba rẹ̀ sí «canton». Ní Àjàṣẹ́, nígbà tí Toffa kú ní 1908, wọn kò jẹ́ kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ «roi» mọ́. «Chef supérieur» ni wọ́n fi í jẹ. Ní 1917, gómìnà àgbà Van Vollenhoven kọ ìwé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jákèjádò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Faransé, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé «chef» kò ní àṣẹ kankan tó jẹ́ tirẹ̀: kọmándà nìkan ló ń pàṣẹ, ohun èlò ọwọ́ kọmándà ni «chef». Ẹ ṣe é, Gómìnà. Ó kéré tán, òun kò fi bò.

Ní Tógò, àwọn Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. «Häuptling» ni wọ́n ń pe ọba àwọn ará ibẹ̀, láti inú «Haupt», tí òun náà túmọ̀ sí orí. Wilhelm tiwọn, «Kaiser» ni, ó ń jẹ́ orúkọ Késárì. Gẹ̀ẹ́sì náà kò dára jù wọ́n lọ: «chief» ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn wa, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà fi ń ru olóyè àti ọba pọ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àkókò Ìyípadà dé ní ilẹ̀ wa, nígbà tí èmi jẹ́ ọ̀dọ́, tí wọ́n ń kọ́ wa pé «féodalité» ni gbogbo ohun tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Mo pariwo rẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi. Lónìí, òmìnira ti dé, òfin ti dé. Òfin Tógò ti 2007, «chefferie traditionnelle» ló ń jẹ́. Òfin tí àwọn aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ dìbò fún ní 2025, «chefferie traditionnelle» náà ni. Inú mi dùn pé ìjọba ronú kan àwọn ọba wa. Ṣùgbọ́n àkọlé wo nìyẹn? Aṣọ kọmándà ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tún fi wọ ọba.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a máa kọ «roi» nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ tán. N kò fara mọ́ ọn. Èdè kọ̀ọ̀kan ló di ìtàn tirẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. «Roi» wá láti inú «rex» Látìn, ìbátan «raja» ti Íńdíà, ó sì jẹ mọ́ títọ́ nǹkan sọ́nà. «King» ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ mọ́ ẹbí. «Malik» jẹ mọ́ níní nǹkan ní ìkáwọ́. «Korol» àwọn Rọ́ṣíà, orúkọ ènìyàn ni, orúkọ Charlemagne. Ní etí Faransé, «roi» ni ọmọ tó gba ipò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun náà sì ni ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1793. Ọba wa kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ ẹ́ ní àjẹyípo. Àkọ́bí ọba kò lè jókòó kí ó máa ka ọjọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ń kò ní fi bò yín. «Roi» yìí ti ń pa wá lọ́bẹ̀. Baálẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ kò fojú kan adé ìlẹ̀kẹ̀ rí, ó ti tẹ káàdì, ó kọ «Sa Majesté» sí i, ó ra adé lọ́jà. Èdè wa ní ọba, ó ní baálẹ̀, ó ní ìjòyè, ó ní olórí ẹbí, kálukú ní àyè tirẹ̀ àti ìkíni tirẹ̀. «Chef» rẹ ọba sílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. «Roi» wá gbé baálẹ̀ gun ìtẹ́ ọba. Ẹni tó bá ń kọ èdè Faransé nìkan kò lè rí ìyàtọ̀ náà mọ́, àwọn ọmọ wa sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ «ọba» bó ṣe jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ Alákétu, kí a kọ Oníṣábẹ. Wọ́n á ní àjèjì kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé Faransé kò ń kọ «tsar» ni? Kò ń kọ «sultan», «émir», «négus», «pharaon»? Ta ló túmọ̀ wọn fún un kó tó gbà wọ́n wọlé? Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí wọn kò ní òǹtẹ̀, tí wọn kò ní ọ́fíìsì, kò túmọ̀ rẹ̀. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilé òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Alaketu títí di òní, tí wọ́n sì ń ka ìran ìdílé ọba Kétu mọ́. Ní Opô Afonjá, ìlú kan náà, ọkùnrin méjìlá ló ń jẹ oyè «Obá» Ṣàngó. Jorge Amado, òǹkọ̀wé ńlá yẹn, jẹ ẹ́. Ní Kúbà, «obá oriaté» ni ẹni tó ń darí ètùtù. Ìtumọ̀ ti yí díẹ̀, mo gbà: kò sí ìlú lábẹ́ wọn, kò sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di «chefe», bẹ́ẹ̀ ni pàṣán wà lẹ́yìn wọn. Àwa tí a wà nílé, tí ààfin wà lójú wa, kí ló ń lé wa?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ìwé yòówù tó bá ti ọwọ́ ẹgbẹ́ wa jáde, yálà sí «mairie», sí ilé iṣẹ́ ìjọba, tàbí sí ilé rédíò, kí ó máa pe ọba ní ọba, kí ó fi àmì sí i lórí bó ti yẹ, kí ó sì pe baálẹ̀ ní baálẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní àyè «chef» nìkan ló wà nínú fọ́ọ̀mù òun, kí a bá a fà á, kí a kọ ọ́ sí etí ìwé. Mo mọ fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn; èmi ni mo tẹ díẹ̀ nínú wọn, àyè wà létí ìwé dáadáa.

Ní ti ìwé ìkésíni náà, mo ti fi gègé pupa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀, mo kọ orúkọ oyè àwọn Kábíyèsí sókè, ṣáájú «préfet», mo sì ti fi rán ọmọdé kan padà sí akọ̀wé. Mo ń retí èsì rẹ̀.