Ẹ Wo Ìsàlẹ̀ Bàtà Yín Kí Ẹ Tó Wá Ra Oògùn Ìrora

Ọ̀rọ̀ bàtà ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, bàtà gan-an tí ẹ ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí.

Àwa tí a máa ń to bàtà lọ́jọ́ Jímọ̀ ti rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni bàtà kò kíyè sí. Bí a bá dojú bàtà délẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sọ bí ẹni tó ni ín ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ bàtà ló máa ń jẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá òde. Ìyẹn kò burú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ fi ń kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàtà kan wà tí ẹ̀gbẹ́ òde wọn ti jẹ láti gìgísẹ̀ títí dé abẹ́ ọmọńdinrín, tí ẹ̀gbẹ́ inú sì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bí ẹ bá gbé e lé orí tábìlì, á fì sí òde bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti jò. Ẹni tó ni irú bàtà bẹ́ẹ̀, etí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí gìgísẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ẹsẹ̀ á rọra dà sí inú díẹ̀, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Dídà sí inú yìí kì í ṣe àrùn. Òun ló ń gba ìwúwo ara, bí sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe ń gba kòtò ojú títì kí àwọn èrò má baà fò lórí àga. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á tún le, tí a ó wá fi àtàǹpàkò ti ilẹ̀ láti lọ síwájú. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi etí ẹsẹ̀ rìn kì í dà sí inú tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbẹ́ òde ló ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ìka kéékèèké ló sì fi ń ti ilẹ̀. Sípíríǹgì kò ṣiṣẹ́, gbogbo ìkanlẹ̀ á wá kọjá lọ sí kókósẹ̀, sí ojúgun, sí ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún. Bí ènìyàn bá ń sáré, agbára ìkanlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń rọ́ lemọ́lemọ́, tí awọ abẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀ á yi gbagidi, tí gìgísẹ̀ á máa dùn ún bó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Nígbà mìíràn, eegun gígùn tó wà lẹ́yìn ọmọńdinrín á ya díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣubú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹsẹ̀ tó ní kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ibi àlùwàlá ti tó. Bí ẹ bá fọ ẹsẹ̀ tán, tí ẹ ń kọjá lórí símẹ́ǹtì gbígbẹ, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ wo ojú ẹsẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ṣe déédéé á fi gìgísẹ̀ hàn, á fi iwájú ẹsẹ̀ hàn, ọ̀nà tó fẹ̀ díẹ̀ á sì so méjèèjì pọ̀ lápá òde. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ á kún tán pátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ọ̀nà tó so gìgísẹ̀ mọ́ iwájú á tín-ín-rín bí okùn, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá, bíi pé ẹsẹ̀ náà já sí méjì. Irú ẹsẹ̀ yìí ló sábà máa ń dà sí òde. Ẹ fi ojú ẹsẹ̀ yẹn wé ìsàlẹ̀ bàtà yín. Bí ẹ̀rí méjèèjì bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti yé.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bí ẹ ṣe ń dúró nínú sáàfù dá ara yín lẹ́jọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nítorí kí ọmọńdinrín wọn lè kan ti aládùúgbò, wọ́n á dorí ẹsẹ̀ kodò sí òde títí ìrun á fi parí. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, àmọ́ kò sídìí fún un. Ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.)

Ohun tó mú wa kọ èyí ni bàbá wa kan nínú ìjọ, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kókósẹ̀ àti orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Diclofenac ni wọ́n máa ń rà lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀dọ̀ wa bá sì ti padé, wọ́n á rà á ní ìsọ̀ mìíràn. Ká sọ òtítọ́, àwa náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. A ti tà á fún wọn tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí a tó bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n tún ń lò. Wọ́n ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ iṣẹ́ oògùn mọ̀ pé bí diclofenac tàbí ibuprofen bá bá méjèèjì yìí pàdé nínú ara kan náà, kíndìnrín ló máa ń jìyà rẹ̀. Nígbà tí a máa fi béèrè, ẹsẹ̀ wọn ti wú, ìfúnpá wọn sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni a ní kí wọ́n lọ rí dókítà wọn. Dókítà dá diclofenac dúró, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Ọlọ́hun sì bá wa ṣe é, kò tíì bọ́ sórí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni a gbé bàtà wọn wò. Bàtà aláwọ tó wúwo ni, òkìrìkà, ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀ ti jẹ dé ibi tí ṣúmékà fi rọ́bà lẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà sì tún ti jẹ. A béèrè ìgbà tí wọ́n rà á. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin ni. A tún béèrè bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò wo ìsàlẹ̀, awọ òkè rẹ̀ tó ń dán ni àwọn wò.

A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí òkìrìkà. Àwa náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bàtà òkìrìkà ti ní olówó kan rí, ẹsẹ̀ onítọ̀hún sì ti tẹ̀ ẹ́ sí bó ṣe fẹ́. Bí olówó àkọ́kọ́ bá ń fi etí ẹsẹ̀ rìn, bàtà rẹ̀ á máa ti ẹsẹ̀ tiyín sí òde, bí ẹsẹ̀ yín tilẹ̀ ṣe déédéé tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ gbé e lé orí ohun tó tẹ́jú, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fì, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dán tó.

Ní tiwa, èrò wa ni pé oògùn ìrora kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn bá a bá ń rìn. Àwa tí a ń jẹun nídìí oògùn títà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn á mú ìrora lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì tún padà sórí etí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, tí ìrora pọ̀, ẹ lè lo parasitámọ́ọ̀lù bó ṣe wà nínú ìlànà rẹ̀, tàbí oògùn àfipa fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ènìyàn ń lò láti oṣù dé oṣù ni a ń bá wí.

Kí ló wá lè tún un ṣe? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun á yí eegun àgbàlagbà padà pẹ̀lú nǹkan àtẹ̀bọ bàtà. Bí eegun ṣe rí ló máa rí. Ibi tí ìwúwo ń bọ́ sí, àti agbára iṣan tó di kókósẹ̀ mú, ni a lè ṣe nǹkan sí. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó le gan-an ń ti ẹsẹ̀ sí òde, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí ẹ sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín, kí ọwọ́ yín wà nítòsí ògiri. Ẹni tó bá ní rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ lè so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kó ki iwájú ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ fà á lọ sí òde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìyẹn á fún àwọn iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ́ lágbára. Kì í ṣe ohun ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ fún un ní oṣù 2 tàbí 3.

Ní ti bàtà, èyí tó rọ̀ lábẹ́, tó fẹ̀ níwájú, tí ó ṣe é tẹ̀ láàárín ni kí ẹ wá. Àwọn bàtà eré kan wà tí wọ́n fi nǹkan líle sí lápá inú kí ẹsẹ̀ má baà dà sí inú. Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹni tó ń fi etí ẹsẹ̀ rìn bá wọ̀ ọ́, á tún tì í sí òde sí i. Síbẹ̀, kí bàtà olówó gọbọi má di ẹ̀sìn. Ní nǹkan bí ọdún 2010, wọ́n dán an wò láàrin àwọn ọmọ ogun tuntun ní Amẹ́ríkà: wọ́n fún àwọn kan ní bàtà gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe rí, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní irú bàtà kan náà. Ìpalára kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù lára àwọn tí wọ́n yan bàtà fún. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń dà sí òde tí kò sì dùn yín, tí kì í rọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó yàtọ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó ń sáré kó máa pààrọ̀ bàtà lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500 sí 800, kó má sì ṣe fi ìrìn rẹ̀ kún lójijì.

Èyí kan àwọn tó ń múra Háájì. Rírìn láàrin Safa àti Marwa nìkan lẹ́ẹ̀meje lé ní kìlómítà 3, lórí mábù tó le, kí a tó ka tòwáàfù àti ìrìn Minà mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń dà sí òde, kó bẹ̀rẹ̀ sí rìn díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú sálúbàtà tó máa wọ̀ lọ gan-an.

Àwọn ọ̀ràn kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi ìdánrawò tàbí bàtà dá dúró. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí òde, tàbí tó ń kú tipiri, tàbí tí iwájú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣan ìmọ̀lára ni, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí awọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yi, kó má fi abẹ gé e nílé. Abẹ́ ibi tó yi yẹn ni ọgbẹ́ tí kì í dùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ti àwọn ọmọdé ló ń dùn wá jù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fún ọmọ ní ìdí, tó sì ba iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, lè sọ ọmọ tó ń rìn dáadáa lánàá di ẹni tó ń fi etí ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibà àti ọ̀fìnkìn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ni oògùn ẹnu ì bá tó fún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má máa bẹ onísọ̀ oògùn pé kó gún ọmọ yín kí ara rẹ̀ lè tètè yá. Ọmọ tí wọ́n sì bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ sínú ìró. Ọ̀nà tí dókítà Ponseti là sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò kárí ayé báyìí: wọ́n á máa rọra tún ẹsẹ̀ náà ṣe, wọ́n á di P.O.P. sí i, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á máa wọ bàtà onírin, tọ̀sán-tòru fún oṣù 3, kó tó di ti òru nìkan títí á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 4. Ibi bàtà onírin yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sú, ibẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ ti ń padà yí. Inú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló dára kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun, irú èyí tó wà ní Igbóbì, l'Ékòó.

Bàbá wa ń rìn báyìí pẹ̀lú bàtà tuntun tó rọ̀, wọ́n sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìdánrawò tọ́jú iṣan. Ẹsẹ̀ wọn ṣì ń dà sí òde díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ra oògùn ìrora kankan láti ìgbà Iléyá.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń to bàtà sí, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun wò ó kó gbé bàtà rẹ̀ wá, pẹ̀lú gbogbo oògùn tó ń lò. Bàtà tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ gbé wá o, ẹ má gbé èyí tí ẹ fi pamọ́ de ọdún wá.