Yíyọ Nìkan Kọ́ Ni Ìtọ́jú Eyín

Ẹni tí eyín bá ń dùn ní àdúgbò wa, Noman's Land ní Kánò, yíyọ ni yóò já sí fún un. Yóò kọ́kọ́ ra òògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, yóò fi omi iyọ̀ yọnu. Tí kò bá lọ, wọn á ní kó ki tábà bọ ihò eyín náà, tàbí kó da ògógóró sí i. Mo ti rí ẹni tó fi omi bátìrì sí i, tí gbogbo ẹran ìdí eyín rẹ̀ bó. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni yóò tó wọ kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, eyín tí ì bá ṣeé dí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ. Èyí ni à ń pè ní ìtọ́jú eyín. Èmi ò gbà pé ìtọ́jú ni.

Àwọn kan á ní eyín kì í pani, kí ìjọba kọjú sí ibà ná. Irọ́ ni. Ọyún ìdí eyín máa ń sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, á wú lábẹ́ ahọ́n títí yóò fi dí ọ̀nà ọ̀fun, ẹni náà kò sì ní lè mí mọ́. Ẹ sì wo àrùn noma. Egbò kékeré ní ìdí eyín ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà pàápàá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lu. Bí kò bá sí ìtọ́jú, ó lè pa tó 90 nínú 100 ọmọ tó bá mú. Láti ọdún 1999 ni ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ti wà ní Sókótó, tí wọ́n ń tún ojú àwọn tó yè ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Lágbàáyé fi noma kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì, Nàìjíríà ló sì ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bèèrè fún un. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè rí egbò yẹn, òògùn apakòkòrò tí kò wọ́n àti oúnjẹ aṣaralóore ti tó láti dá a dúró. Ta ni yóò rí i? Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí yóò gbé ètè ọmọ sókè wo èrìgì rẹ̀ ni kò sí.

Ohun tí mò ń bèèrè lọ́dún tó ń bọ̀ kò ju èyí lọ: kí olùtọ́jú eyín kan wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ wa. Kì í ṣe ilé aláràbarà tí gómìnà yóò ṣí. Ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ ti wà: ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Lágbàáyé fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, silver diamine fluoride àti glass ionomer tí wọ́n fi ń dí eyín sí ara àwọn òògùn kòṣeémánìí. Èyí àárín yẹn, omi ni. Wọ́n á ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ojú ibi tó ti jẹrà. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹ̀rọ tó ń han ọmọ létí. Ojú ibẹ̀ á dúdú, á le, ìjẹrà á dúró. Ìyá ọmọ lè máà fẹ́ràn dúdú yẹn, ṣùgbọ́n eyín dúdú tó ń jẹ ẹran sàn ju àlàfo lọ.

Àwọn dókítà eyín kan ò ní fẹ́ gbọ́ pé kí ẹni tí kì í ṣe dókítà ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní dókítà nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kan ẹnu aláìsàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo tako wọn. Dókítà ò wá sí àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ń já pá. Nàìjíríà ní iléèwé ìjọba àpapọ̀ ní Enugu tó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú eyín tí kì í ṣe dókítà. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́. Kí wọ́n máa fi èyí tó bá ju agbára wọn lọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá Aminu Kano.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè ṣèpàdé ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé, ó pẹ́ tán ní ọdún 2034, kí ayé ti jáwọ́ nínú fífi àdàlú mákúrì dí eyín. Májèlé ni mákúrì, ìpinnu náà tọ́. Àmọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń dí eyín rárá, àríyànjiyàn nípa ohun tí a ó fi dí i kò tíì kàn wá.

Owó ńkọ́? Owó wà. Láti ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba ₦10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Náírà márùn-ún péré nìyẹn lórí ìgò 50cl, àpò gbogboogbò ló sì ń wọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ké gbàjarè nígbà náà pé ó máa ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi ní ó kéré jù. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kòkòrò inú ẹnu ń jẹ tó fi ń tú ohun kíkan sára eyín. Kí wọ́n fi kún owó orí náà, kí wọ́n sì ya á sọ́tọ̀ fún ẹnu àwọn ọmọ tó ń mu ẹlẹ́rìndòdò náà.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà ọjà Sabon Gari, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kánò, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà wa, ìbò 2027 ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò yín ní ìjọba ìbílẹ̀ Fagge wa, ẹ má ṣe gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé oṣù wo ni olùtọ́jú eyín yóò dé ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, kí ẹ sì jẹ́ kó dárúkọ oṣù náà níṣojú gbogbo èèyàn.